Ògiri Tó Ń Làágùn

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdí iná ọbẹ̀, ẹ ya etí kan fún mi, kí ẹ fi ojú méjèèjì sí ìkòkò.

Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá láti ọwọ́ Màmá kan ní Suffolk. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Wọ́n ta ilé wọn ní London, wọ́n lọ ra ilé kékeré kan ní abúlé, irú èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní cottage: òrùlé rẹ̀ ga ṣóńṣó, fèrèsé rẹ̀ kéré, òpó igi dúdú sì hàn lára ògiri rẹ̀ bí ilà ojú. Wọ́n ní òtútù inú ilé náà kì í ṣe kékeré. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ fún àwọn ọmọ kan pé kí wọ́n tún un ṣe, àwọn yẹn sì ti tú inú ògiri tó kọjú sí àríwá sílẹ̀, ó ku egungun igi àti amọ̀. Ìbéèrè Màmá kò ju ìlà kan lọ: fóòmù wo ni kí àwọn rà tí wọn yóò fi dí àárín àwọn igi náà kí ilé lè móoru?

Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó náwó. Ẹ má tíì ra fóòmù kankan. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn mìíràn wà lára àwọn tó ń gbọ́ wa tí ilé tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀, tí ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè.

Ilé elégungun igi ni ilé yín. Ní Suffolk, Essex, Kent àti Sussex, títí lọ dé Herefordshire àti Shropshire lápá ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún, igi óákù ni wọ́n fi ń kọ́lé kí bíríkì tó di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Tútù ni wọ́n ń lo igi náà, torí óákù tó bá gbẹ tán máa ń le bí irin, agbára káká ni ayùn ọwọ́ fi ń ràn án. Wọ́n á gbẹ́ ihò sára igi kan, wọ́n á gbẹ́ ahọ́n sórí èkejì, wọ́n á ki ahọ́n bọ ihò, wọ́n á wá fi èèkàn igi gún méjèèjì pọ̀. Wọn kì í kan ìṣó mọ́ ọn. Káfíńtà á tún fa ìlà wẹ́wẹ́ sára igi méjèèjì kí wọ́n lè mọ èyí tó bá èkejì rẹ̀ mu. Bí ẹ bá tan tọ́ọ̀ṣì sí òpó yín dáadáa, ẹ lè rí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn dán débi pé nígbà tí omi adágún Bough Beech fẹ́ bo ilẹ̀ kan mọ́lẹ̀ ní Kent ní ìparí àwọn ọdún 1960, ńṣe ni wọ́n tú ilé kan tó ń jẹ́ Bayleaf palẹ̀ ní igi kọ̀ọ̀kan, ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, wọ́n sì lọ tò ó padà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Weald and Downland ní Singleton, West Sussex. Ó wà níbẹ̀ títí dòní. Ẹ lọ wò ó, ẹ mú àwọn ọmọ-ọmọ dání.

Lẹ́yìn tí igi bá dúró tán ni wọ́n á wá dí àárín òpó sí òpó. Wọ́n á ki ọ̀pá óákù tí wọ́n là dúró lóòró, wọ́n á fi ọ̀pá hazel tẹ́ẹ́rẹ́ hun ún ní ìbú bí ẹni ń hun agbọ̀n, wọ́n á po amọ̀ pọ̀ mọ́ koríko gbígbẹ àti ìgbẹ́ màlúù, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n á sì fi ẹfun kùn ún. Ẹ̀yin tí wọ́n tọ́ dàgbà nílé, nílẹ̀ Yorùbá, ti ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ bá ṣiṣẹ́ nílẹ̀ yìí ṣí irú ògiri bẹ́ẹ̀ hàn mí, ẹ̀rín pa èmi náà: mo wọ bàálù láti Ìkẹjà, ògiri bàbá mi àgbà ni mo tún wá bá ní Suffolk! Tiwa kì í sábà ní ọ̀pá híhun nínú, amọ̀ lórí amọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kòtò amọ̀, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ìgbẹ́ màlúù tí àwọn ìyá wa fi ń pa ilẹ̀ yàrá, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ọ̀dà dúdú tó wà lára igi yẹn ńkọ́? Àṣà ayé Ọbabìnrin Victoria ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, wọ́n sábà máa ń fi óákù sílẹ̀ kó rí bí eérú fúnra rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi ẹfun kùn ún mọ́ ògiri. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kùn ún ní ọ̀dà dúdú tuntun fún yín lórúkọ àṣà àtijọ́, ẹ ní kó gbé agolo rẹ̀ lọ.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ omi, torí omi ni ọ̀rọ̀ wà, òtútù kọ́. Ẹ bu omi láti inú fíríjì sínú ife, ẹ gbé e sórí tábìlì. Kò ní í pẹ́ tí ara ife náà yóò fi làágùn. Ife kò jò. Inú afẹ́fẹ́ yàrá ni omi náà ti wá. Afẹ́fẹ́ tó móoru lè ru omi púpọ̀ láì jẹ́ kí ẹ rí i. Bó bá fara kan ohun tó tutù, ẹrù á wúwo jù fún un, á sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i. Bí yàrá yín bá móoru dé 20°C, tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 60 nínú 100 èyí tó lè rù, ohunkóhun tó bá tutù dé 12°C nínú yàrá náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ní January ní Suffolk, ó ṣòro kí ẹ̀yìn ògiri tó móoru dé 12°C.

Ibo ni omi inú afẹ́fẹ́ ti ń wá? Èémí wa ni. Omi ìwẹ̀ ni. Aṣọ tí a fọ̀ tí a sá sórí rédíétọ̀ ni, nítorí oòrùn kò sí. Ti ilé Yorùbá wá tún lé kenkà: mọ́ín-mọ́ín tó fi wákàtí kan àbọ̀ hó lórí iná ní Sátidé, ẹran ewúrẹ́ tí a ń bọ̀, omi àmàlà. Gbogbo oru yẹn, omi ni. Apá kan rẹ̀ á gba fèrèsé jáde, apá kan á wọ inú ògiri lọ.

Ògiri amọ̀ àti ẹfun mọ ohun tí yóò ṣe sí i. Á fà á mu nígbà tí ilé bá kún fún oru, á tún tú u sílẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ ní lọ́kàn nìyẹn bí wọ́n bá sọ pé ògiri ń mí. Kò sọ pé kí atẹ́gùn máa gba inú rẹ̀ fẹ́ o! Omi ló ń wọ̀ ọ́ tó tún ń jáde. Bí óákù bá ti lè máa gbẹ padà lẹ́yìn tó bá tutù, 300 ọdún, 400 ọdún, kò sí ohun tó máa ṣe é.

Ẹ wá fi fóòmù sáàárín òpó. Àwọn pátákó tó rí ràkọ̀ràkọ̀, tí wọ́n fi bébà fàdákà bò lójú yẹn, n kò ní parọ́ mọ́ wọn: wọ́n ń dá ooru dúró gan-an. Bí wọ́n bá nípọn bákan náà, ooru tó ń gba inú wọn sá lọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì èyí tó ń gba inú irun àgùntàn lọ. Nínú ilé tuntun, èmi náà ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n wọn kì í mu omi, wọn kì í jẹ́ kí omi kọjá. Óákù ní tirẹ̀ ń mira: ó ń wú nígbà òtútù olómi, ó ń súnkì nígbà tí ojú ọjọ́ bá gbẹ. Bí igi bá súnkì, fóòmù kò ní í bá a lọ. Àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ á ṣí láàárín wọn, afẹ́fẹ́ tó ru oru mọ́ín-mọ́ín á gba ibẹ̀ bọ́ sẹ́yìn, á bá òtútù pàdé, á làágùn sára òpó. Kò sẹ́ni tó máa rí i, fóòmù kò sì ní í jẹ́ kó gbẹ.

Igi tí omi inú rẹ̀ bá ju nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 lọ fún ìgbà pípẹ́ ti di oúnjẹ. Olú á hù sí i. Lẹ́yìn olú, kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní deathwatch beetle, óákù tó ti rà díẹ̀ ló fẹ́ràn jù. Ó máa ń fi orí gbá igi, kọ́ kọ́ kọ́, láti fi pe ẹnìkejì rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn tó ń ṣọ́ aláìsàn tó ń kú lọ lóru, tí ilé pa lọ́lọ́, àwọn ló sábà ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi so orúkọ ikú mọ́ ọn lọ́rùn. Kòkòrò náà kò pa èèyàn rí. Ilé ló ń pa.

Mo ń sọ èyí nítorí pé ọwọ́ tèmi náà kò mọ́. Ní ọdún kejì tí mo dé, èmi àti ọ̀gá kan fi fóòmù dí ògiri ilé kékeré kan, a ta ọ̀rá bo ojú rẹ̀, a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ó mọ́ bí àwo. Onílé fún wa ní tíì àti kéèkì. Lẹ́yìn ọdún mẹ́jọ, ó pè mí pé ilẹ̀kùn yàrá kò ṣeé tì mọ́. Mo ṣí ìsàlẹ̀ ògiri, mo rí igi ìpìlẹ̀ tí gbogbo òpó dúró lé lórí, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ìka mi wọlé títí dé oríkèé kejì, bí ìgbà tí èèyàn ki ìka bọ àkàrà gbígbóná. Owó igi tuntun ju owó iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ. Ti iṣẹ́ ọwọ́ mi, n kò lè gbójú gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

Nínú ẹjọ́ yẹn, sìmẹ́ńtì ni mo dá lẹ́bi ju fóòmù lọ. Láti ìgbà tí Joseph Aspdin ti gba ìwé àṣẹ lórí sìmẹ́ńtì Portland ní 1824, ó ti di ohun tí gbogbo ayé fọkàn tán, àwa náà nílé sì mọ iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó le, kì í tẹ̀, igi sì ń mira lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà á sán. Òjò á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní í rọ́nà jáde. Màmá, kí ẹ tó ronú nípa ohunkóhun tí ẹ máa fi bo ògiri yẹn, ẹ yí lọ sẹ́yìn rẹ̀. Ṣé sìmẹ́ńtì wà níbẹ̀? Ṣé gọ́tà ń jò? Ṣé ilẹ̀ ọgbà ti ga débi tó fi bo igi ìpìlẹ̀? Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ògiri tó mu omi yó ń jẹ́ kí ooru sá lọ ju èyí tó gbẹ lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wù tútù kì í ti í mú ara móoru. Bí sìmẹ́ńtì bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ ni kó yọ ọ́, torí bí wọ́n bá fipá já a, amọ̀ á bá a bọ́.

Ohun kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ yára sọ. Ọ̀pọ̀ ilé báyìí ni ìjọba ti kọ sínú ìwé ilé tó yẹ ní dídáàbò bò. Bí tiyín bá wà nínú rẹ̀, kódà kó jẹ́ Grade II tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, òfin ọdún 1990 kò fi ààyè gbà kí ẹ tú u tàbí kí ẹ yí i padà láì gba ìyọ̀ǹda káńsù, nínú ilé àti níta. Ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé kóòtù ni. Ṣé àwọn ọmọ yẹn béèrè kí wọ́n tó tú ògiri? Bí wọn kò bá béèrè, kí wọ́n gbé irinṣẹ́ sílẹ̀ ná, kí ẹ pe òṣìṣẹ́ káńsù tó ń mójú tó ilé àtijọ́. Wọn kì í jẹ èèyàn. Ẹgbẹ́ kan tún wà, Society for the Protection of Ancient Buildings, tí William Morris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877. Wọ́n ń fún onílé nímọ̀ràn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé òfin ìkọ́lé ní dandan ni kí ògiri yín bá ti ilé tuntun dọ́gba. Òfin náà fi ààyè sílẹ̀ fún ilé àtijọ́ bí àṣejù bá máa ba igi rẹ̀ jẹ́. Bí ẹ bá rí àdán nínú àjà, abẹ́ ààbò òfin ni òun náà wà o.

Ó yá, báwo ni ilé ṣe máa móoru?

Ihò ni ẹ máa kọ́kọ́ dí. Gbogbo wa la mọ òwe ògiri tó lanu àti aláǹgbá. Nílẹ̀ yìí, atẹ́gùn ni aláǹgbá. Lálẹ́ tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ mú igi tùràrí kan, ẹ tan iná sí i, ẹ rọra gbé e lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ibi tí èéfín ti ń sá. Ibi tí óákù ti súnkì kúrò lára amọ̀ ni ẹ máa bá a. Kí wọ́n tẹ irun àgùntàn tí wọ́n lọ́ bí okùn wọ ibẹ̀, kí wọ́n fi láìmù pa ojú rẹ̀. Irun náà máa ń bá igi wú, ó máa ń bá igi súnkì. Láìmù tí mò ń wí kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́ o. Ẹfun tí wọ́n ń rí nígbà tí wọ́n bá sun òkúta ẹfun nínú iná tó gbóná tó 900°C, tí wọ́n wá fi omi pa á, ni. Ó ń jó awọ ara, ó lè ba ojú jẹ́, nítorí náà ìbọ̀wọ́ àti awò jẹ́ dandan. Fóòmù inú agolo tí wọ́n máa ń fọ́n sínú ihò, kí wọ́n má gbé e wọlé rárá.

Lẹ́yìn ihò, àjà. Ooru púpọ̀ ń gba orí ilé jáde. Ohun tó ń dá ooru dúró, tó nípọn tó 270mm, ni wọ́n sábà ń tẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì ní í da ògiri láàmú.

Ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní insulation, tí èmi ń pè ní aṣọ ògiri. Èyí tí mo máa kọ́kọ́ wò fún yín ni irun àgùntàn, kì í sì í ṣe nítorí ìmóoru rẹ̀ nìkan. Ẹ lọ sí Lavenham, kò jìnnà sí yín. Guildhall tó wà ní ọjà ibẹ̀, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí 1530, ilé elégungun igi ni, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ilé tó tò lọ lójú pópó. Irun àgùntàn ló kọ́ wọn: aṣọ onírun tí wọ́n ń hun níbẹ̀, tí wọ́n ń pa láró, ló sọ ìlú kékeré yẹn di ọ̀kan nínú àwọn tó lówó jù ní England nígbà náà. Bí irun àgùntàn bá wá padà wọ inú ògiri Suffolk, ilé ló padà sí. Ó lè fa omi tó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara rẹ̀ mu, kó má sì jẹ́ kó kan igi, kó tún tú u sílẹ̀ tó bá yá. Kí ẹ sáà béèrè bóyá wọ́n ti fi oògùn sí i, torí kòkòrò tó ń jẹ aṣọ fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀kejì, ẹ ní amọ̀ ṣì wà níbẹ̀. Níbi tí amọ̀ àti ọ̀pá híhun bá ṣì dúró, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí wọ́n lè ráyè ki nǹkan mìíràn bọ ibẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀. Inú yàrá ni kí ẹ ti wọ ògiri láṣọ: kí wọ́n fi láìmù tẹ́ ojú amọ̀ kó dọ́gba, kí wọ́n kan pátákó fọ́nrán igi tó nípọn tó 40mm mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí, láì sí àlàfo lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì fi láìmù rẹ́ ẹ. Ẹ̀yin á máa wò ó pé ṣé 40mm náà ló tó? Bí ẹ bá gbé 100mm síbẹ̀, ẹ̀yin inú yàrá á gbádùn, ṣùgbọ́n ooru kò ní í dé ọ̀dọ̀ òpó mọ́. Òpó á tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kò sì ní í tètè gbẹ. Díẹ̀ tó ń mí sàn fún un.

Níbi tí amọ̀ bá ti já bọ́ tán, tàbí tí ẹnìkan ti fi bíríkì rọ́pò rẹ̀ láyé àtijọ́ tó sì ti ń dá wàhálà sílẹ̀, hemp tí wọ́n pò mọ́ láìmù dára níbẹ̀. Ìbátan igbó tí àwọn ìpátá ń mu ni hemp, ṣùgbọ́n ògiri yín kò ní í yó. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yìn ilé ti wà lábẹ́ ìrẹ́ tàbí pákó láti ìbẹ̀rẹ̀, tí igi kò hàn níta, ẹ lè béèrè lọ́wọ́ káńsù bóyá wọ́n á jẹ́ kí ẹ wọ aṣọ náà fún un láti ìta. Ìyẹn ló dára jù fún igi, torí inú ooru ni gbogbo egungun ilé á wà. Ọ̀dà tí ẹ máa fi parí rẹ̀, ẹfun ni o, kì í ṣe ọ̀dà oníke. Kí oníṣẹ́ iná mànàmáná sì yẹ wáyà wò kí wọ́n tó bo ohunkóhun mọ́lẹ̀, torí wáyà tí wọ́n bá fi aṣọ bò lè gbóná jù.

Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń fa oru jáde fún ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Bí mọ́ín-mọ́ín bá wà lórí iná, ẹ tan án, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Bí sítóòfù onígi bá wà nínú ilé, ẹ má dí ihò tó ń fún un ní afẹ́fẹ́, kí ẹ sì gbé ẹ̀rọ tó ń kígbe bí afẹ́fẹ́ olóró bá wà nínú yàrá síbẹ̀; ìyẹn kò ṣeé fi ṣeré.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, Màmá, ògiri yẹn kò nílò ohunkóhun. Ẹ jẹ́ kó ṣí sílẹ̀. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń wọ̀n omi inú igi, ẹ gún un sí ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tún un ṣe ní oṣooṣù. Láìmù kò fẹ́ràn ibi tó tutù ju 5°C lọ, nítorí náà kò sí ẹni tó yẹ kó rẹ́ nǹkan kan fún yín kí ìgbà ìrúwé tó dé. Ẹ fi ọ̀já bo ọrùn, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ méjì.

Mo sì fura pé amọ̀ tó já bọ́ lára ògiri ti wà nínú àpò ìdọ̀tí níta, tí àwọn ọmọ yẹn ń dúró de ọkọ̀ tó máa kó o. Ẹ ní kí wọ́n gbé e padà wá. Amọ̀ kì í gbó. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ òrùlé di ìgbà ìrúwé, kí ẹ wá fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ bu omi sí i, kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ da koríko gbígbẹ tuntun sí i. Ẹ wọ bàtà òjò, torí ìṣó àtijọ́ lè wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fà. Bí àwọn aládùúgbò bá yọjú lórí ọgbà, tí wọ́n ń wo Màmá nọ́ọ̀sì tó ń jó nínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ sọ fún wọn pé ilé ni ẹ ti kọ́ ọ.